Ọwọ́ Tó Ń Wọn Ẹ̀tù

Ìka méjì ni kò sí ní ọwọ́ òsì bàbá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìsẹ́yìn, mo rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ìgbà tí mo tó bí ọmọ ọdún méje ni mo tó gbọ́ ìtàn rẹ̀, kì í sì í ṣe láti ẹnu òun fúnra rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọdẹ àgbà kan ló kú, wọ́n ń ṣe ìṣípà fún un. Àwọn ọdẹ ń sun ìrèmọ̀jé, ìbọn ń dún lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó kan bàbá mi, ó gbé ṣakabùlà rẹ̀ sókè, ó yìn ín, ìbọn náà sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ará ilé wa ní kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí òun náà jẹ́ ọdẹ, ló jókòó ti ìbọn yẹn kó tó di pé bàbá mi gbé e, pé òun ló mọ ohun tó ṣe sí i. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa àti ilé ọkùnrin yẹn kò ti jọ jẹun pọ̀ mọ́. Àwa àti àwọn ọmọ rẹ̀ jọ wà ní kíláàsì kan náà, àmọ́ a ò gbọdọ̀ bá wọn ṣeré.

Bàbá mi kò tún ki ìbọn mọ́ láyé rẹ̀. Ó kó ohun tó kù nínú ṣakabùlà náà sórí àjà, ó sì sọ fún àwa ọmọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀tù nínú wa, kó má pe òun ní bàbá mọ́.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé. Èmi ọmọ rẹ̀ nìyí ní Pennsylvania, nínú gárájì, tí mò ń wọn ẹ̀tù sínú ọta.

*

Mo dé Amẹ́ríkà ní ọdún 2009. Fún ọdún mẹ́wàá gbáko, iṣẹ́ ni, ilé ni, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Níbi iṣẹ́ mi, ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, mo pàdé bàbá òyìnbó kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ ló pa wá pọ̀. Ó ń jẹ búrẹ́dì tó fi ẹran há láàárín lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òórùn rẹ̀ sì fà mí. Mo ní ẹran kí nìyẹn, ó ní àgbọ̀nrín ni, òun lòun pa á. Ó já díẹ̀ fún mi. Mo rántí ilé lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún un pé ọmọ ọdẹ ni mí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kí ló wá dé tí o ò sọ látọjọ́ yìí?"

Gárájì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà Bàbá Gárájì ni mo máa pè é.

Òun ló mú mi lọ sí kíláàsì tí ìpínlẹ̀ yìí ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ọdẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ ṣe. Wọ́n kọ́ wa pé kí a máa ṣe bí ẹni pé ọta wà nínú gbogbo ìbọn, kí a má kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí a ò fẹ́ pa, kí a mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran kí a tó yìn. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Kò sí èyí tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ ilé wa níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tó yà mí lẹ́nu ni aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò tí òfin ní kí a wọ̀. Ọdẹ Ìsẹ́yìn ń sá pamọ́ fún ẹran. Ọdẹ Pennsylvania ń fi ara rẹ̀ han ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbọ̀nrín kì í rí àwọ̀ ọsàn bí àwa ṣe ń rí i, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe nǹkan kan fún ọdẹ.

Ní ọdún 2019, ní Sátidé tó tẹ̀lé Thanksgiving, tí í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ìgbà ìbọn fún àgbọ̀nrín níbí, mo pa ẹran mi àkọ́kọ́. Ìyàwó mi ṣe díẹ̀ ní pẹpẹ súùpù, ó fi ìyókù se ọbẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyán. Inú mi dùn títí, àmọ́ nígbà tí bàbá mi pè ní ọjọ́ Àìkú, mi ò sọ ọ́. Mo ní ara wa le, mo ní òtútù mú. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà ní àjò ẹ mọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kòrónà dé. Tí ẹ bá ń gbé Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 sí 2021, ẹ ó rántí pé kì í ṣe bébà ìnùdí nìkan ló wọ́n. Ọta ìbọn náà dàwátì. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, kò sí. Mo lọ sí òmíràn, pẹpẹ wọn mọ́ fónífóní bí ẹni tí wọ́n gbá. Ìbọn tí mo ní, ọta .308 Winchester ló ń jẹ, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èyí tó wà nílé tán. Mo lọ bá Bàbá Gárájì. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá páálí kan tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ìkarahun idẹ ló kún inú rẹ̀, àwọn ọta tó ti yìn láti ọdún gbọ́nhan. Ó ní, "Ìwọ rà wọ́n, o yìn wọ́n, o sì ń dà wọ́n nù. Èmi ń mú tèmi bọ̀ wálé."

*

Kí ẹ tó gbọ́ ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan yìí ṣe rí, torí ẹni tí kò tíì rí i rí á rò pé iṣẹ́ àwọn àlùjọ̀nnú ni.

Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ọta ìbọn òde òní. Àkọ́kọ́ ni ìkarahun tí a fi idẹ ṣe. Èkejì ni primer, ohun kékeré tí kò tó hóró ẹ̀wà, tó ń wọ inú ihò ìdí ìkarahun. Òun ni ìbọn ń gbá tó fi ń tanná. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tù. Ẹ̀kẹrin ni orí ọta, èyí tó ń fò lọ bá ẹran. Tí o bá yìn ín, primer ti kú, ẹ̀tù ti jó, orí ọta ti lọ. Idẹ nìkan ló kù, idẹ yìí gan-an ló sì wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá ń ki ọta fúnra rẹ̀ kàn ń mú idẹ yẹn ni, ó ń tún un ṣe, ó ń fi mẹ́ta yòókù sí i.

Nígbà tí Bàbá Gárájì ṣàlàyé èyí tán, mo ní, "Ẹ dákun, kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀?" Ọdẹ onísakabùlà ń gba ẹnu ìbọn da ẹ̀tù sí i, á fi èkísà dí i, á kó ọta lé e, á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá yìn, òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, òun ló kì í. Ohun tí òyìnbó sọ di iṣẹ́ orí tábìlì, inú igbó ni àwọn bàbá wa ti ń ṣe é, nígbà mìíràn nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ìwọ̀n tí kò ju ìdérí agolo tàbí ado kékeré kan lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo máa ń rò. Nínú èdè wa, ẹ̀tù ni à ń pe ohun tó ń dún nínú ìbọn, ẹ̀tù náà la sì ń pe oògùn dúdú tí wọ́n jó tí wọ́n sì lọ̀ kúnná. Méjèèjì ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Tí o bá kọjá ìwọ̀n, èyí tó yẹ kó gbà ọ́ ni yóò pa ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀tù inú agolo òyìnbó kì í ṣe ẹ̀tù ṣakabùlà. Èyí tí à ń lò nínú ọta òde òní kì í rú èéfín bíi ti ilé, agbára rẹ̀ sì ju tibẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá da á sínú ṣakabùlà ti dá ẹjọ́ ikú fún ara rẹ̀. Nítorí ọ̀pọ̀ wa máa ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé ni mo ṣe sọ ọ́.

Mo rò pé ẹ̀rọ la máa kọ́kọ́ rà. Bàbá Gárájì ní rárá, ìwé ni. Ó ní kí n ra ìwé tí àwọn tó ń ṣe orí ọta tàbí àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù tẹ̀ jáde, kí n ka apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tán kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ka á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, fún oríṣi ọta kọ̀ọ̀kan, fún oríṣi ẹ̀tù kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ iye tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àti iye tí a ò gbọdọ̀ kọjá. Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa wo ìdí ìkarahun lẹ́yìn tí a bá yìn: tí primer bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìbọn bá ń le láti ṣí, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, dúró. Mi ò ní kọ iye kankan síbí. Ẹni tó bá gba ìwọ̀n ẹ̀tù láti inú ìtàn ẹlòmíràn, ìtàn ni wọ́n máa fi òun náà sọ.

Lẹ́yìn ìwé ni mo ra press, irin onímùkù kan tí a dè mọ́ tábìlì, tó jọ ẹ̀rọ tí àwọn ìyá wa fi ń fún omi kúrò nínú gàrí, àmọ́ tí kò tóbi tó o. Ẹyọ ọta kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Gárájì sì ní irú èyí ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́, torí kò ní jẹ́ kó sáré. Mo ra dies méjì tó ń wọ orí rẹ̀, mo ra òṣùwọ̀n, mo ra caliper, mo ra gíláàsì ojú, mo ra pátákó oníhò tí ìkarahun ń dúró lé. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ máa tọ́jú owó, ẹ bi í léèrè pé lẹ́yìn ọdún mélòó.

Iṣẹ́ náà lọ báyìí. A ó yẹ ìkarahun wò, èyí tó bá sán tàbí tí ọrùn rẹ̀ ya, a ó jù ú nù. A ó fi òróró rẹ̀ pa á lára díẹ̀, a ó tì í wọ inú die àkọ́kọ́, tí yóò fún un padà sí bó ṣe wà kí iná tó fẹ̀ ẹ́, tí yóò sì ti primer tó ti kú jáde. Èmi kò pa òróró tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìkarahun sì há sínú die bí eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni a fi yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó wọn gígùn rẹ̀. Ti .308 kò gbọdọ̀ kọjá ínǹṣì 2.015, tó bá ti gùn jù, a ó gé e sí 2.005. A ó fi primer tuntun sí i. A ó wọn ẹ̀tù, a ó dà á sí i. A ó fi orí ọta lé e, a ó sì fi die kejì tẹ̀ ẹ́ wọlé títí gbogbo rẹ̀ kò fi ní ju ínǹṣì 2.810 lọ.

Ìwọ̀n ẹ̀tù ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Grain ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 7,000 grain ló sì wà nínú pọ́ùn kan ṣoṣo. Òṣùwọ̀n mi ń mọ ìdá kan nínú mẹ́wàá grain. Tí mo bá mí sí i, ó mì. Tí fáànù bá ń fẹ́, irọ́ ló ń pa. Ìdí tó fi gbọdọ̀ péye tó bẹ́ẹ̀ ni pé agbára tí .308 lè fà nínú ìbọn, òkè téńté rẹ̀ jẹ́ 62,000 psi. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ mi, 33 ni. Irin tó wà lókè ọwọ́ òsì rẹ ló ń gba gbogbo agbára yẹn mọ́ra.

Ọwọ́ òsì. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ gbólóhùn yìí láì wo ọwọ́ ara mi.

*

Sátidé kan ní oṣù kejì ọdún 2022. Mo ti ń dá ṣe é nínú gárájì tèmi nígbà náà. Ogún ìkarahun wà lórí pátákó, primer ti wà nínú gbogbo wọn. Mo wọn ẹ̀tù sínú ọ̀kan, mo tẹ orí ọta lé e, mo gbé e sápá kan, mo mú òmíràn. Ìrẹ̀wẹ̀sì kankan ò sí, orí mi balẹ̀.

Fóònù dún. Bàbá mi ni.

Ẹ̀yin ará ilé, ta ló jẹ́ rí ìpè láti ilé kó má gbé e? Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan kú ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé wọ́n wà ní ọsibítù ńkọ́? Mo gbé e, mo fi sí ìta kí n lè máa gbọ́, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ó béèrè àwọn ọmọ. Ó ní òrùlé ẹ̀yìnkùlé ń jò. Ó bi mí pé kí ló ń dún kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn mi yẹn, mo ní mò ń tún nǹkan ṣe ni. A sọ̀rọ̀ bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó máa fi parí, ogún ọta ti pé lórí tábìlì, wọ́n ń dán yanran.

Mo ń kọ ọjọ́ sára páálí wọn ni nǹkan kan bá gbá mi láyà. Nígbà tí fóònù dún, ìkarahun kan wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo ti da ẹ̀tù sí i àbí mi ò tíì dà á? Mo gbé àwọn ọta náà sétí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mì wọ́n. Àwọn kan dún ṣẹ́ṣẹ́, àwọn kan ò dún. Mo gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, àmọ́ ìkarahun kò wúwo dọ́gba láti ilẹ̀, nítorí náà òṣùwọ̀n ò lè dá mi lójú. Ọkàn kan ní kò lè sí nǹkan. Ọkàn kejì ní ìka méjì.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo kó gbogbo wọn lọ bá Bàbá Gárájì. Kò bá mi wí. Ó mú hámà kan wá tí inú orí rẹ̀ ṣófo. A ń fi ọta sínú rẹ̀, a ń gbá a mọ́ ilẹ̀, orí ọta á jábọ́, ẹ̀tù á dà sínú hámà. Mo tú èkíní, ẹ̀tù dà. Mo tú èkejì, ẹ̀tù dà. Nígbà tí mo tú ẹ̀kẹtàlá, orí ọta nìkan ló jábọ́. Òfo ni inú rẹ̀. Kò sí hóró kan.

Mo rò pé tí kò bá sí ẹ̀tù, kò sí ewu. Bàbá Gárájì mi orí. Ó ní primer nìkan tó láti ti orí ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn, kó sì há síbẹ̀. Ọdẹ á gbọ́ ohùn kékeré kan, pọ́, á rò pé ọta kò ṣiṣẹ́ ni. Àgbọ̀nrín sì dúró níwájú rẹ̀. Á yára fa ìbọn, á ki òmíràn bọ̀ ọ́, á yìn ín. Èyí á lọ bá èyí tó há. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ hàn mí níbi tó máa ń di ìbọn mú, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

*

Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní aago méjì òru, tí ilẹ̀ ti mọ́ ní Ìsẹ́yìn, mo pe bàbá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọdẹ tí mò ń ṣe, ìbọn tí mo rà, ẹ̀tù tí mò ń wọ̀n. Mo ní tó bá fẹ́, kí ó má pe mí lọ́mọ mọ́, àmọ́ mi ò lè dá gbé e. Mo sọ ti ọta kẹtàlá fún un.

Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Àjàní, ta ló pè ọ́ nígbà tí o ń wọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ó tún dákẹ́. Ó ní, "Èmi náà, wọ́n pè mí ni."

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún. Lọ́jọ́ ìṣípà yẹn, ó ti da ẹ̀tù sínú ìbọn, ó ti kì í, ló bá kù kí ó yìn. Wọ́n ní kí ó wá kí àwọn àlejò tó ti Ọ̀yọ́ wá. Ó gbé ìbọn ti ògiri, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó máa lọ, òun á bá a wò ó kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Ó lọ, ó kí wọn, wọ́n bu ẹmu fún un. Nígbà tó dé, wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀. Ó mú ado rẹ̀, ó tún da ẹ̀tù sí i.

"Mo ti ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀," bàbá mi wí, "ọ̀pá náà yọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rí i, Àjàní. Ojú mi rí i. Àmọ́ wọ́n ń pè mí."

Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ látìgbà yẹn. Ó ní òun mọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Àwọn ẹbí ló kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, òun náà kò sì já wọn nírọ́. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé èmi, ọdẹ, gbàgbé pé mo ti ki ìbọn? Ó rọrùn kí wọ́n sọ pé ayé ló ṣe mí." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sílé wa lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà, wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ti kú báyìí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Bàbá mi kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ọmọ kì í dá bàbá rẹ̀ lẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ fún un pé kò sí nǹkan. Mo kàn ní, "Bàbá, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó mú obì dání, ó rìn lọ sí ilé náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé òun. Ó bá àkọ́bí ọkùnrin náà níta, ó sì sọ ọ́ fún un lórí ìdúró bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Mo ní kí ló wá sọ. Bàbá mi ní, "Kò dá mi lóhùn. Ó wọlé, ó gbé àga kan jáde fún mi. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú." Mo ní ṣé ó gba obì náà. Ó ní ó wà lórí ilẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, pé òun kò wẹ̀yìn wò nígbà tí òun ń bọ̀.

*

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo lérò pé ẹ ti rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ẹ kọ́kọ́ wádìí òfin ibi tí ẹ wà. Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó ń ki ọta fún ìlò ara rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ fún un, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa tà á gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹni tó wà lórí físà ìgbà díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ìbọn tàbí ọta kí ẹ tó rí lọ́yà, torí òfin ìjọba àpapọ̀ le lórí ọ̀rọ̀ yín. Ní Bìrìtéènì, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ẹ tó ní irú ìbọn yìí tàbí ọta rẹ̀. Kí ẹ sì yẹ gbogbo àpò yín wò kí ẹ tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú.

Oríṣi ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má dà á sínú ike míràn. Inú agolo tó bá wá ni kó máa gbé. Ẹ má mu sìgá níbẹ̀, ẹ má jẹun níbẹ̀, ẹ fọwọ́ yín tí ẹ bá ṣe tán, torí òjé. Ìkarahun tí kò tíì ní ẹ̀tù, ẹ da ẹnu rẹ̀ dé lórí pátákó. Èyí tó ti ní, kó dúró lóòró. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo wọn kí ẹ tó tẹ orí ọta lé wọn. Gbogbo èyí ni mo ti kà nínú ìwé kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Ìpè kan ṣoṣo ló gbé e kúrò.

Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo tí mo fi kún ti ìwé ni pé fóònù mi kì í wọ gárájì mọ́. Orí tábìlì kíṣìnì ló ń wà. Ó ṣòro fún mi ju gígé ìkarahun lọ. Láti ọdún 2009 ni mo ti ń sùn pẹ̀lú fóònù lẹ́bàá etí, torí pé ẹni tó wà lájò, ìpè ló fi wà nílé. Wákàtí méjì tí mi ò ní gbọ́ ohùn ilé máa ń dà bí ìgbà tí mo kọ ilé sílẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Ó ti ń wọ gárájì wá báyìí. Mi ò tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀tù. Ìkarahun ló ń bá mi nù, òun ló ń ka iye tó wà lórí òṣùwọ̀n sókè kí n tó dà á. Tí òun bá ń kà á tí èmi náà ń wò ó, ojú mẹ́rin ni. Ó bi mí pé kí ló dé tí ìka Bàbá Ìsẹ́yìn fi jẹ́ mẹ́jọ nínú fọ́tò. Mo sọ fún un bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi, láìyọ nǹkan kan kúrò.

Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí a jáde, mo bá ìpè mẹ́ta tí mi ò gbé lórí fóònù. Àyà mi já. Mo pe padà kíákíá.

Bàbá mi ní, "Mo pè ọ́, o ò gbé e."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mò ń wọn ẹ̀tù ni."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó wá sọ pé òrùlé ẹ̀yìnkùlé ti tún ń jò, pé àkọ́bí ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ káfíńtà ní òun á wá wò ó lọ́jọ́ Ajé.